Àwọn Tí A Bá Lórí Ilẹ̀ Yìí

   

Ìbéèrè kan tí ọmọ mi ọkùnrin bi mí ni ó fa ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, mo ti ibi iṣẹ́ dé, ó rẹ̀ mí, mo sì ń ro ohun tí a ó jẹ. Ọmọ náà wà ní kíláàsì keje. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti kọjá níbẹ̀ mọ̀ pé ìtàn Texas ni wọ́n ń kọ́ wọn ní kíláàsì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó kọ ojú ìwé méjì nípa àwọn Caddo, àwọn onílẹ̀ tí wọ́n ń gbé apá ìlà-oòrùn Texas kí òyìnbó kankan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ó kàwé títí, ó gbé orí sókè, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, “Mọ́mì, àwọn wọ̀nyí ti kọ́ ìlú ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ṣé àwa náà ní nǹkan kan nígbà náà?”

Mo ní a ní. Ó ní kí ni a ní. Mo ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ní kí ni wọ́n ń ṣe ní Ilé-Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀, èmi tí mo gboyè ní yunifásítì nílé kí n tó wá gba òmíràn níhìn-ín. Ohun tí ó tilẹ̀ tì mí lójú jù ni pé n kò mọ ohunkóhun nípa àwọn Caddo náà. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń gbé Houston. Ilé àwọn ènìyàn ni mo ń wọ̀ lójoojúmọ́, nítorí iṣẹ́ mi ni láti máa bẹ àwọn ẹbí tí ìṣòro dé bá wò, kí n sì bá wọn wá ọ̀nà àbáyọ. Mo mọ ilé àwọn ará Mẹ́síkò, mo mọ ilé àwọn ará Vietnam, mo mọ ilé àwọn ènìyàn dúdú tí a bí síhìn-ín. N kò bi ara mi léèrè rí pé ta ni ó ni ilẹ̀ tí gbogbo wa kọ́lé lé. Bẹ́ẹ̀, nílé wa, àlejò kì í wọ ìlú kí ó má béèrè onílẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé pẹ̀lú ọmọ náà. Ilẹ̀ Houston gan-an àti etí òkun tí ó wà nítòsí rẹ̀, àwọn Akokisa àti àwọn Karankawa ni ó ni ín. Àwọn Caddo wà ní òkè, níbi tí igbó páìnì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn wà lẹ́nu gbogbo wa láìmọ̀. Orúkọ Texas tí ó wà lára nọ́ńbà ọkọ̀ wa, ẹnu wọn ni ó ti jáde. “Taysha” ni wọ́n ń wí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́. Àwọn ará Spéìn gbọ́ ọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní “Tejas”, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di orúkọ gbogbo ilẹ̀ náà.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Wọ́n ti Ìjẹ̀bú wá láti bá àwọn ọmọ-ọmọ wọn gbé fún oṣù díẹ̀. Nígbà tí baálé mi dá a lábàá pé kí a lọ fi ojú rí ibi tí à ń kà nípa rẹ̀, Màmá ní àwọn náà ń lọ, pé ilé tí à ń tì mọ́ àwọn láti àárọ̀ dé alẹ́ ti sú àwọn. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹwàá, gbogbo wa wọ ọkọ̀. A gba ọ̀nà 59, a kọjá Livingston, a dé Lufkin, a yà sí ọ̀nà 69 títí a fi dé Alto, a sì gba ọ̀nà 21 níbẹ̀. Ó tó wákàtí mẹ́ta. Igi ni ó kún ọ̀tún àti òsì, Màmá sì ń sọ pé àwọn kò mọ̀ pé igbó wà ní Amẹ́ríkà, pé ohun tí àwọn rí láti ìgbà tí àwọn ti dé kò ju afárá àti ilé ìtajà lọ.

Caddo Mounds ni orúkọ ibi tí a lọ. Òkìtì mẹ́ta ni, lórí pápá gbalasa kan tí kò jìnnà sí odò Neches. Àwọn Caddo tẹ ibẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 800, wọ́n sì gbé e fún ọgọ́rùn-ún mẹ́rin sí márùn-ún ọdún kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin kò fi bò pé ohun tí òun rí kò tó ohun tí òun ń retí. Òkìtì erùpẹ̀ tí koríko bò ni. Àfi ìgbà tí a kà á fún un pé kò sí ẹṣin nígbà náà, kò sí màlúù, kò sí kẹ̀kẹ́ ẹrù, kò sí ọkọ́ onírin. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ru gbogbo erùpẹ̀ náà, ẹrù kan lẹ́yìn òmíràn, láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Lórí òkìtì tí ó ga jù ni ilé ìsìn wọn wà. Bí àkókò ilé kan bá pé, wọn a dáná sun ún tàbí kí wọ́n tú u, wọn a da erùpẹ̀ tuntun lé e lórí, wọn a sì kọ́ òmíràn sórí rẹ̀. Òkìtì náà wá ń ga sí i bí ìran ti ń kọjá. Òkìtì kejì kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń sin àwọn ọlọ́lá wọn sí. Nǹkan bí àádọ́rùn-ún ènìyàn ni ó sùn sínú rẹ̀, nínú nǹkan bí ọgbọ̀n sàréè.

Nígbà tí mo túmọ̀ èyí fún Màmá, wọ́n dúró. Wọ́n bọ́ bàtà wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n tẹ̀ba díẹ̀, wọ́n sì wí pé, “Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Àlejò ni wá. Inú rere ni a bá wá.” Òyìnbó tọkọtaya kan tí ó wà nítòsí wo wa, wọ́n sì dákẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin fà mí láṣọ, ó ní, “Mọ́mì, kí ni wọ́n sọ?”

Ẹ ṣàkíyèsí ìbéèrè yẹn, nítorí òun ni a gbọ́ ní gbogbo ọjọ́ náà. Màmá wo òkìtì gíga náà lọ, wọ́n wò ó bọ̀, wọ́n ní irú rẹ̀ wà nílé. Mo ní níbo? Wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé yàrà Sùngbọ́ tí ó gba ẹ̀yìn oko bàbá àwọn kọjá ni. Mo ti gbàgbé lóòótọ́. Eredo Sùngbọ́, ẹ̀yin òǹkàwé mi, yàrà àti òkìtì tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ni; gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó sì ní ibi tí láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì ti tó 20 mítà. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Màmá ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bí àwọn bá ń lọ sí oko, inú yàrà náà máa ń tutù bí ẹnu àmù, àwọn a sì máa pariwo níbẹ̀ kí ohùn àwọn lè padà wá bá àwọn. Wọ́n kọjú sí ọmọ náà, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ń wo ẹnu wọn, ó ń wo ojú mi.

Èmi ni mo dúró sáàárín wọn bí ògbufọ̀ ilé-ẹjọ́. Mo máa ń rí irú èyí lẹ́nu iṣẹ́ mi, tí ìyá àgbà jókòó sí apá kan àga, tí ọmọ-ọmọ jókòó sí apá kejì, tí ẹni tí ìjọba ń sanwó fún sì jókòó sáàárín. N kò rò ó rí pé ilé mi ni mo ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Nígbà tí àkọ́bí mi obìnrin pé ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara. Olùkọ́ kan ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí ó wà sọ fún wa pé èdè méjì ni ó ń dà á lọ́kàn rú, pé kí a mú ọ̀kan. A mú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà já gaara nígbà tí ó yá, bí ì bá ti já bí a tilẹ̀ ń sọ èdè mẹ́rin sí i. Àwọn tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ ọmọdé ti fi hàn pé èdè méjì kì í dí ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀. Mo mọ èyí. Èmi fúnra mi ti sọ ọ́ fún àwọn ìyá tí wọ́n ti Mẹ́síkò wá pé kí wọ́n má dá èdè wọn dúró. Kí ló dé tí n kò sọ ọ́ fún ara mi? Ẹ gbọ́ òótọ́: Gẹ̀ẹ́sì rọrùn fún mi ní ìrọ̀lẹ́ tí ó bá ti rẹ̀ mí. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé, a kò tilẹ̀ ronú sí i mọ́. Ọmọbìnrin náà ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. Ohun tí ó mọ̀ ní Yorùbá kò ju “ẹ káàárọ̀ mà” àti orúkọ oúnjẹ lọ.

Nígbà tí a padà dé ilé, èmi àti ọmọkùnrin náà tẹ̀ síwájú nínú ìwé kíkà wa, Màmá sì ń gbọ́ láti orí àga wọn. Àwọn Caddo kò dá nìkan wà. Ní àkókò kan náà, láti odò Mississippi títí dé apá gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn púpọ̀ ń mọ òkìtì, wọ́n ń dáko àgbàdo, wọ́n sì ń bára wọn ṣòwò. Àwọn onímọ̀ pa wọ́n pọ̀, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ odò náà. Èyí tí ó tóbi jù nínú ìlú wọn ni Cahokia, ní òdìkejì odò sí ibi tí St. Louis wà lónìí. Láàárín ọdún 1050 sí 1200, ènìyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí ogún ni wọ́n fojú bù pé ó ń gbé ibẹ̀. Òkìtì tí ó tóbi jù níbẹ̀ ga tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, ó sì wà títí di òní. UNESCO ti fi ibẹ̀ sára ogún gbogbo ayé láti ọdún 1982. Pápá ìṣeré wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń yí òkúta roboto kan lórí ilẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin yóò máa sọ ọ̀kọ̀ sí ibi tí wọ́n rò pé yóò dúró sí. Ọmọ mi fẹ́ràn ibi yìí jù gbogbo ìyókù lọ. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1350, ìlú náà ti dahoro.

Nígbà yẹn ni mo tó lè dáhùn ìbéèrè rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ní àwọn ọgọ́rùn-ún ọdún kan náà, mo ní, ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ń yọ́ dígí, wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun; wọ́n ń to àpáàdì sí ojú ọ̀nà àti àgbàlá; wọ́n sì ń fi idẹ àti bàbà rọ orí àwọn ọba tí ó dàbí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbà tí àwọn ará Cahokia ní, wọ́n ń fi òkúta lù ú pẹlẹbẹ ni, wọn kì í yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwa náà kò ní ohun tí wọ́n ní. A kò ní àgbàdo.

Màmá gbé orí sókè. “Kí ni ẹ ò ní?”

Mo ní àgbàdo. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ koríko ìgbẹ́ di àgbàdo, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn Caddo àti àwọn ará odò Mississippi, ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ni ó sì gbé e dé etí òkun wa lẹ́yìn ọdún 1500. Bákan náà ni ata, bákan náà ni ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gààrí, bákan náà ni ẹ̀pà, tòmátò àti tábà. Màmá ní irọ́ ni wọ́n pa fún mi ní yunifásítì. Wọ́n ní àgbàdo tí ìyá àwọn ń lọ̀, tí ìyá ìyá àwọn ń lọ̀! Mo ní kí wọ́n ṣáà ka ìran náà sẹ́yìn dé ogún, wọn yóò bá ẹni tí kò rí àgbàdo rí, tí ó jẹ́ pé iṣu àti ọkà bàbà ni ó mọ̀. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé, “Gbèsè wọn wà lọ́rùn wa nígbà náà.” Wọ́n dìde, wọ́n lọ wo ògì tí wọ́n rẹ sí ilé ìdáná.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń béèrè àwọn Caddo bí ẹni tí ó ń béèrè àná. Kí ni wọ́n ń jẹ mọ́ àgbàdo? Ẹ̀wà, elégédé, ẹran àgbọ̀nrín, ẹja, ẹ̀so igbó. Kí ni wọ́n fi ń gún un? Odó ni, odó igi gbígbẹ́ gẹ́gẹ́ bíi tiwa, àwọn obìnrin ni ó sì ń gún un. Báwo ni ilé wọn ti rí? Ilé roboto ni, bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀: wọ́n ri òpó gígùn mọ́lẹ̀ yíká, wọ́n fa orí wọn pọ̀, wọ́n dì í, wọ́n sì fi koríko bò ó láti òkè délẹ̀. Ní ọdún 2016, wọ́n kọ́ irú ilé náà kan sí Caddo Mounds, àgbà Caddo kan ni ó sì darí iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2019, ní ọjọ́ tí àwọn Caddo kó ara wọn jọ síbẹ̀ fún àjọ̀dún àṣà wọn, ìjì líle jà. Ó wó ilé koríko náà, ó ba ilé àfihàn jẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn fara pa, ẹ̀mí sì lọ. Wọ́n ti tún ilé àfihàn náà kọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ó mú Màmá pàtẹ́wọ́ ni bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Àwọn fáda ará Spéìn tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé yóò sọ fún àwọn àgbà, àwọn àgbà yóò dá ọjọ́, wọn yóò sì rán ìkọ̀ sí ilé kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tí olúkúlùkù yóò mú wá: ọkùnrin yóò gbé òpó rẹ̀, obìnrin yóò ru koríko. Ní ìdájí, gbogbo wọn á ti dé. Ẹni tí ó bá pẹ́ yóò jẹ ẹgba, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Onílé kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́; oúnjẹ ni tirẹ̀, àgbàdo àti ẹran àgbọ̀nrín fún gbogbo àwùjọ. Ní kíláàsì ọmọ mi, nǹkan ìyanu ni wọ́n kà á sí. Màmá ní, “Ọ̀wẹ̀ ni. Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?” Oko pàápàá, wọ́n jọ ń gbìn ín ni, wọ́n a bẹ̀rẹ̀ láti orí ti olórí ìsìn wọn, wọ́n a sì tò ó kiri títí yóò fi kárí. Àti iná. Nínú ilé ìsìn wọn, iná kan wà tí kì í kú, igi ńlá mẹ́rin ni wọ́n fi ń ko ó, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí igun ayé kan, ibẹ̀ sì ni iná gbogbo ilé ti wá.

Èyí tí ó kan iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Ìhà ìyá ni wọ́n fi ń ka ìran. Arábìnrin ìyá, ìyá ni wọ́n ń pè é. Arákùnrin bàbá, bàbá ni. Ọmọ tí wọ́n bí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni. Ẹ wo bí ó ṣe bá tiwa mu. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ọ̀ràn ọmọ Yorùbá kan, ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n ti bi í ní ilé-ìwé pé ta ni ó ń mú un wá láràárọ̀. Ó ní mọ́mì òun ni. Wọ́n bi í pé ta ni ó wà nílé. Ó ní mọ́mì òun ni. Wọ́n bi í pé ṣé ẹnì kan náà ni, ó ní rárá. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kò mọ ìyá rẹ̀. Wákàtí méjì ni mo fi ṣàlàyé pé kò sí ohun tí ó ṣe ọmọ náà, pé ìyá méjì ni ó ní, pé àbúrò ìyá rẹ̀ ni èkejì, àti pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kò ní àyè tí ó tó láti gbà wọ́n. Mo ronú kan ìyá Caddo tí wọ́n bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, tí kò sí ẹni tí yóò bá a ṣàlàyé.

Nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn kò dùn ún sọ. Ní ọdún 1690, àwọn ará Spéìn kọ́ ilé ìjọsìn sí àárín wọn. Àrùn tí ara wọn kò mọ̀ rí bá wọn wọlé, ó sì pa wọ́n bí ewé. Ní ọdún 1835, wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí ó gba ilẹ̀ wọn ní Louisiana lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1859, wọ́n lé ìyókù wọn kúrò ní Texas, ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ tí ó ti ẹnu wọn jáde, lọ sí ibi tí ó di Oklahoma. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di òní. Olú-iṣẹ́ ìjọba wọn wà ní Binger. Wọ́n kó àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tèmi nílé, níbi tí wọ́n ti ń so pátákó mọ́ wa lọ́rùn nítorí pé a sọ Yorùbá. Kò sí òyìnbó kan níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni olùkọ́ tí ó ń so ó.

Ìkòkò ni ó jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an. Àwọn obìnrin Caddo mọ ìkòkò jù ẹlòmíràn lọ. Wọn a dán an títí yóò fi máa kọ mọ̀nà, wọn a sì fín in ní ọnà tí ó ń lọ́ yíká bí omi tí ó ń pòyì. Iṣẹ́ náà parẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dé Oklahoma. Ní ọdún 1991, obìnrin Caddo kan tí ń jẹ́ Jereldine Redcorn rí ìkòkò àwọn ìyá ńlá rẹ̀ ní ilé àfihàn kan ní Idabel, kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ènìyàn òun mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá amọ̀, ó kọ́ ara rẹ̀, ó ń fọ́, ó ń tún mọ, títí ó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Obama jẹ́ Ààrẹ, ọ̀kan nínú ìkòkò rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ nílé ìjọba ní Washington. Iṣẹ́ tí ó ti kú jí padà, nítorí pé ìkòkò wà, àpáàdì wà, ó sì rí ohun tí ó lè fi ojú wò.

Èdè kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, oṣù mẹ́ta kí a tó lọ sí Alto, bàbá àgbà kan tí ń jẹ́ Edmond Johnson kú ní Oklahoma. Òun ni ẹni ìkẹyìn tí ó gbọ́ èdè Caddo lẹ́nu ìyá, tí ó sì lè sọ ọ́ délẹ̀. Wọ́n ti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Onímọ̀ èdè kan, Wallace Chafe, kọ ìwé lórí gírámà rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2018. Àwọn ọmọ Caddo kan sì ń kọ́ ọ. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ wérọ̀ pẹ̀lú mọ́, tí yóò rẹ́rìn-ín sí àṣìṣe wọn. Ẹ̀yin yóò ní àwa pọ̀, pé a ju ogójì mílíọ̀nù lọ, Yorùbá kò lè parun. Òótọ́ ni, kò ní parun ní Ìjẹ̀bú. Ilé mi ni mo ń sọ, ní Houston.

Mo sọ ti bàbá yìí fún Màmá. Wọn kò sọ ohunkóhun fún mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pe ọmọ náà sí ilé ìdáná, wọ́n fi asẹ́ sí i lọ́wọ́, wọ́n ní, “Di èyí mú.” Kò sí ògbufọ̀ níbẹ̀, mo ti lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé ní alẹ́, ọmọ náà ní òun ti mọ “sẹ́”, òun ti mọ “dà á”, òun ti mọ “rọra”, àti pé Màmá sọ ọ̀rọ̀ kan nígbà tí ògì dà sílẹ̀ tí òun kò rò pé ó yẹ kí òun sọ fún mi. Nínú iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ ní ilé-ìwé, ó kọ̀wé nípa àwọn òkìtì, ó sì kọ “yàrà” sí ìparí rẹ̀, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ gbogbo. Olùkọ́ fi gègé yí i ká, ó ní kí ó wá ṣàlàyé fún kíláàsì.

Màmá padà sílé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ogún ìṣẹ́jú, Yorùbá nìkan, ó ń ta kókó, wọ́n ń bá a tú u. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kì í sí níbẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti pẹ́ jù fún òun, kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú Màmá, n kò sì ní èsì tí ó mọ́ lẹ́nu.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ náà gbé fóònù kúrò létí, ó ní, “Mọ́mì, Màmá ní àwọn fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Kí ni gbẹ́?” Mo ti fẹ́ dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo mú ọkọ́ kékeré tí a fi ń tọ́jú òdòdó, mo mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo kúnlẹ̀, mo fi ọkọ́ náà gé erùpẹ̀, mo ń wí pé, “Mò ń gbẹ́ ilẹ̀. Ìwọ náà, wá gbẹ́ ẹ.” Ó kúnlẹ̀ tì mí. Màmá ń pariwo láti inú fóònù pé ṣé iná ti lọ ni. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ọmọbìnrin mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lérán, ó bi wá ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni a ń wá nínú ilẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn ní Yorùbá. Ó ní kí ó tún un sọ.